Ẹ Wá Ha Ọ̀dà Ilẹ̀kùn Wa Kó Tó Di Ọjọ́bọ̀

Ṣọ́ọ̀bù Kẹrin,
Ìlà Abẹ́ Afárá,
Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Àtúnkọ́ Àgbègbè Ibùdókọ̀,
Àjà Kejì, Ilé Ìgbìmọ̀ Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

NÍPA ṢỌ́Ọ̀BÙ MẸ́SÀN-ÁN TÍ Ẹ YỌ KÚRÒ NÍNÚ ÌWÉ ILÉ ÀWÒṢÍFÌLÀ

1. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni akọpátákó tó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù abẹ́ afárá. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ilé alájà méjìlélọ́gbọ̀n tí ẹ fẹ́ kọ́ jà nínú wa. Nígbà tí ẹ sọ pé ọ́fíìsì yóò wà láàárín, ilé gbígbé lókè, àti pé ìsàlẹ̀ pátápátá yóò jẹ́ ti àwa tí a ti wà níbí tẹ́lẹ̀, àwa gan-an la kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

2. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá ka ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn wa, láti oókan dé ẹẹ́sàn-án. Wọ́n ní ẹni tí nọ́ńbà bá wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù nínú ilé tuntun. Wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni ìwé ẹ̀rí wa.

3. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ẹni tó kọ nọ́ńbà náà kò mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀dà ṣàn wálẹ̀ bí ikun imú ọmọdé. Ẹẹ́ta wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eéje rí bí ẹni tó rọ lẹ́sẹ̀. Mo wo tèmi títí, ara mi ò gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, mo fi ọ̀dà funfun bò ó, mo sì tún un kọ dáadáa: pupa, pẹ̀lú òjìji dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù karùn-ún ṣe rí i, ó ní kí n bá òun náà ṣe é. Aránbàtà tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ló sì ní kí n bá àwọn ṣe é. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti tún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kọ. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oore ni mo rò pé mò ń ṣe.

4. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ni ọ̀gá tó ń ṣe àyẹ̀wò dé. Ó wo ilẹ̀kùn wa, ó ní nọ́ńbà ìjọba kì í ní òjìji. Ó kọ "ayédèrú" síwájú nọ́ńbà gbogbo wa nínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe yọ wá kúrò. N kò dá a lẹ́bi. A ti gbọ́ pé lẹ́yìn ibùdókọ̀ lọ́hùn-ún, ẹnìkan kọ nọ́ńbà èké sára ilẹ̀kùn tí kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwa kì í ṣe èké. Àṣejù ni, baba àṣetẹ́.

5. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti le. Ẹ ti gé omi. Páànù tí ẹ fi ń ṣọgbà yí wa ká ti dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù kejì. Onígbàjámọ̀ ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi láti òdìkejì títì kó tó lè fá orí. Lánàá, aránbàtà, tó jẹ́ àgbà gbogbo wa, bi mí níṣojú àwọn oníbàárà bóyá inú mi ti wá dùn báyìí. Háà! Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, aago mẹ́jọ àárọ̀, ni katakata tí ẹ fẹ́ fi wó ṣọ́ọ̀bù wa yóò dé.

6. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Nọ́ńbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín kọ ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà mi. Ẹ rán ẹnìkan wá, kó mú abẹ lọ́wọ́, kó ha ọ̀dà òkè kúrò. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí ilẹ̀kùn kan. Ó ń ṣe mí bíi kí n ha á fúnra mi, ṣùgbọ́n bí mo bá tún fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ẹ ó ní mo tún ti dá ọgbọ́n mìíràn. Bí wọ́n bá sì fi lè wó wọn, ẹ̀rí wa ti bá wọn lọ nìyẹn.

7. Mo gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan. Mo kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ kẹta pé gbogbo wọn ló ní kí n bá àwọn ṣe é. Irọ́ ni. N kò sì ní fa ìwé yìí ya kí n tún un kọ. Àtúnkọ ló kó bá mi. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù keje kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi pé ohun tí ìjọba bá kọ, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ ra òwú, mo kùn ún, torí pé tirẹ̀ nìkan ló kù tó ń ba ìlà wa jẹ́ lójú mi. Nígbà tó dé, ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. Kò tilẹ̀ fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí, Ẹ̀yin Ọ̀gá. N kò lè wo àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lójú mọ́.

8. Nítorí náà, ẹ fojú àánú wò wá, ẹ wá kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bí àyè kò bá gba mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́, ẹ yọ nọ́ńbà kẹrin kúrò, tèmi ni. Bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ẹ ráyè ha, ẹ jọ̀ọ́, kó jẹ́ ìkeje. Àwa yòókù la fọwọ́ ara wa fà á. Òun ní tirẹ̀ kọ̀. Èmi yóò dúró sí òdìkejì títì títí ẹ ó fi ṣe é tán, n kò sì ní mú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí mò ń retí yín,
Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n,
Akọpátákó, Ṣọ́ọ̀bù Kẹrin.