Òrùlé Tí Mo Ní Kí Wọ́n Ṣí

Ọjọ́rú, oṣù Ọ̀wàrà, 1897. Makun-Omi.

Mo yà wo ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ lónìí. Ògiri ìhà odò ti wó lulẹ̀ pátá. Olú ti hù lórí pẹpẹ amọ̀ tí mo ti máa ń wàásù.

Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣí ewé gbòdògì orí rẹ̀ kúrò, pé páànù ń bọ̀ láti Èkó. Ìkánjú mi yìí! Páànù kò dé, òjò ló dé.

Òjò náà tún bẹ̀rẹ̀, mo sá wọ ilé ìdáná Ìyá Rúùtù, tó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà nígbà kan. Omi kò kán sí mi lára rárá. Mo yin òrùlé rẹ̀.

Ó ń yí ẹja rẹ̀ lórí iná, kò wojú mi.

“Tísà, ewé tí ẹ ní kí a kó dànù ni.”