Ohùn Ọjọ́ Kìíní

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Ọmọ mi obìnrin pè láti òkè òkun láàárọ̀ yìí, mi ò tíì fọ ẹnu. Òun àti ọmọ rẹ̀, Ìyá Kékeré, ń bọ̀ lóṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ọmọ-ọmọ mi tí mi ò rí láti ìgbà tí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ — ó ti di ọmọ ọdún márùn-ún. Mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí ẹni tó rí owó he.

Iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni. Wọ́n fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá, kó lè máa ka ìwé sókè, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé lókèèrè. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n nílò, tèmi ni wọ́n mú. Yàrá kóńkó kan, fóòmù lára ògiri, fóòmù lókè àjà, kò sí fèrèsé. Àpótí ni mo ń pè é. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ọ̀rọ̀ á máa jáde lójú kọ̀ǹpútà níkọ̀ọ̀kan, màá máa kà á. "Òjò ti dá." "Ta ló ṣí fèrèsé yẹn?" "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."

Ọmọbìnrin tó ń gba ohùn mi sílẹ̀ wà lẹ́yìn gíláàsì, ohun ìgbọ́rọ̀ ràgàjì bo etí rẹ̀ méjèèjì. Mo ti sọ ọ́ ní Etí Ehoro. Ó ní kọ̀ǹpútà á gé ohùn mi wẹ́wẹ́, á wá tò ó pọ̀ di ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ rí. Mo bi í pé bí ìgbà tí à ń gé aṣọ ni? Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ta ló wá ni àgékù? Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Aránṣọ ni mí. Mi ò kì í gbàgbé àgékù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òfin ibẹ̀ rèé: láràárọ̀, kí n tó la ẹnu, màá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo kà lọ́jọ́ kìíní. Títí iṣẹ́ á fi parí ni. Ohùn mi gbọ́dọ̀ bá a mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà á máa sọ̀rọ̀ bíi èèyàn méjì tó ń jà nínú ẹnu kan.

Mo gbọ́ obìnrin ọjọ́ kìíní yẹn. Ẹ̀rín wà lábẹ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó ń retí àlejò.

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ pariwo nílé. Ta ni mo fẹ́ pariwo mọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀fun gbẹ. Tíì tí wọ́n ń tà nísàlẹ̀ wọ́n bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi pò ó. Láti Ajé, màá gbé fúláàsì mi dání.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo fọ kọ́tìnnì yàrá kejì. Mo ń rán aṣọ ìbora kékeré kan fún Ìyá Kékeré, àgékù kọ́tìnnì oníbàárà ni, pupa àti àwọ̀ ewé. Òwú nìkan ló ná mi lówó.

Látàárọ̀ ni mo ń kí èèyàn nínú Àpótí. "Ṣé dáadáa lẹ sùn?" "Kí lẹ fẹ́ jẹ?" "Ẹ kú ilé o." Fóòmù ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo délé, kò sẹ́ni tó bi mí ní ọ̀kankan nínú wọn. Láti ìgbà tí bàbá ọmọ mi ti kú, rédíò ló ń sọ̀rọ̀ nílé yìí, rédíò náà ò sì bi mí ní nǹkan kan rí. Mo ro ó wò: yàtọ̀ sí ti Àpótí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo bá èèyàn sọ lónìí ni, "Ṣéńjì mi dà?"

Kò burú. Oṣù Kẹfà ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kò pè. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ ni. Owó ọkọ̀ òfuurufú ti lọ sókè jù, ọkọ rẹ̀ ò sì rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀, "tó bá ṣeé ṣe."

Mo fèsì: Kò burú, ẹ tọ́jú ara yín, ọwọ́ mi náà dí.

Mo ká aṣọ ìbora yẹn, mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n dá mi padà sílé. Mo kà, Etí Ehoro dá mi dúró. Mo tún un kà, ó tún dá mi dúró. "Mọ́mì, ohùn yín ti wọlẹ̀. Ṣé kò sí o?" Mo ní ọ̀fìnkìn ni. Ó wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ọmọ yẹn gbọ́ ju ohun tí mo sọ lọ. Ó ní kí n lọ sinmi títí di Ajé.

Mo bi í bóyá wọ́n á sanwó òní. Ó fọwọ́ ha orí, ó ní wákàtí tí ohùn bá dáa nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Ìyẹn ni pé ìbànújẹ́ ò sí nínú àdéhùn wa. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ gbé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe. Níwájú dígí ni mo ti kọ́ ọ. Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó ń pa á mọ́ra. Kí n wá rò ó pé fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ni, ọmọ mi ní, "Màmá, à ń bọ̀."

Àwọn oníbàárà máa ń gbé aṣọ tó ti gbó wá bá mi pé kí n rán irú rẹ̀ gan-an fún wọn. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Etí Ehoro na àtàǹpàkò sókè. "Ara yín ti yá, mọ́mì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Odidi ọjọ́ ni mo fi ń sín ara mi jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ó parí. Etí Ehoro ní kí n wá gbọ́ ibi tí kọ̀ǹpútà bá a dé. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ tí mi ò kà rí wá, kí òun tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Mo ní kó kọ: "Ìyá Kékeré, káàbọ̀. Bọ́ bàtà ẹ, wá jẹun."

Kọ̀ǹpútà sọ ọ́. Ohùn mi ni, pẹ̀lú ẹ̀rín ọjọ́ kìíní yẹn lábẹ́ rẹ̀. Ó ń kí ọmọ tí kò wá káàbọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Etí Ehoro ní ta ni Ìyá Kékeré, ìgbà wo ló ń bọ̀? Mo ní ọkọ̀ á fi mí sílẹ̀. Ó gbá mi mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kó ọwọ́ sí, mo di báàgì mi mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún

Ohùn mi tí kọ̀ǹpútà ń sọ ti jáde sórí fóònù, ẹnikẹ́ni lè fi kọ́ Yorùbá. Mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Àwòrán ọwọ́ méjì tó ń pàtẹ́wọ́ ló fi fèsì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà

Wọ́n pè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀.

Ara rẹ̀ yá gágá. Ìyá Kékeré kì í fẹ́ sùn tí kò bá tíì gbọ́ Ìyá Àgbà nínú fóònù. Ó ti ń sọ ẹ káàárọ̀, ó ti ń kí bàbá rẹ̀ kú iṣẹ́. "Màmá, ojoojúmọ́ la ń gbọ́ yín. Ẹ sì wo bí inú yín ṣe ń dùn níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pátápátá. Òun ni mi ò ṣe yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú ìpè."

Ó gbé fóònù fún ọmọ. Mo ní, "Ìyá Kékeré, ṣé dáadáa lo wà?" Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé èyí kì í ṣe Ìyá Àgbà, pé ẹ̀rín máa ń wà lóhùn Ìyá Àgbà. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ ṣe é bíi ti inú fóònù, kó lè mọ̀ yín."

Mo gbé àgbọ̀n sókè. Mo fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo lè ṣe é lójú oorun. Mo tún gbé àgbọ̀n wálẹ̀.

Mo ní, "Èmi náà ni. Bí mo ṣe ń dún nìyí."

Ìyá Kékeré ní ṣé ara yín ò yá ni? Mo ní ara mi yá, èmi nìkan ni mo wà nílé ni. Mo ní ohùn tó ń gbọ́ yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ ni mo fi sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, mo kàn ń fara wé e ni. Ohun tí mi ò lè sọ fún ìyá, ọmọ ọdún márùn-ún ni mo sọ ọ́ fún.

Ọmọ mi, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, gba fóònù padà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Ohùn tiẹ̀ náà ti wọlẹ̀.

Mo ti fi fóònù síná, ó wà lórí tábìlì. Mo fa aṣọ ìbora yẹn yọ lábẹ́ ẹ̀rọ, etí rẹ̀ kan kù tí mi ò tíì ká. Ọwọ́ ni mo fi ń rán an, ẹ̀rọ ń pariwo jù. Mo ti pa rédíò, kí n lè gbọ́ tó bá dún.