Bá Mi Dá Ọkọ̀ Àgbàdo Náà Dúró

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ibi tí o bá forí lé, ire ni yóò máa pàdé rẹ níbẹ̀. Bàbá rẹ wà ní àlàáfíà, àfi orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní kí n kí ọ, kí n má sì sọ̀rọ̀ jù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àgbàdo ọdún yìí ṣe dáadáa. Àká kún débi pé a ń kó ìyókù sí yàrá rẹ, bí o bá ń bọ̀ wálé, tètè sọ fún wa. Òun la fẹ́ tà kí àbúrò rẹ lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, mo ti ṣèlérí fún un.

Àfi bí rédíò ṣe sọ pé irè oko orílẹ̀-èdè yìí kò tó, pé ìjọba ń ra àgbàdo bọ̀ láti òkè òkun kí oúnjẹ má baà wọ́n jù. Àyà mi já. Bí ọkọ̀ ojú omi náà bá gúnlẹ̀ kí a tó ta tiwa, ta ni yóò wo tiwa? Mo sì mọ ẹni tó fà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti wá fi èèkàn àti okùn yí ilẹ̀ kékeré kan ká nínú oko wa, ó ní ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni àwọn yóò fi mọ bí irè ṣe rí. Kò ríbi gún èèkàn sí àfi igun tí ewúrẹ́ bàbá rẹ ti jẹ! Mo ní kó sún síwájú, ó ní òfin iṣẹ́ kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ pé kí o sáré dé èbúté, kí o bẹ awakọ̀ náà kó ní sùúrù, ewúrẹ́ ló fa àṣìṣe. O wá ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò rẹ fi fóònù ya àká ní fọ́tò. Mo ní kó má yà á tán, kí wọ́n má lọ kó o mọ́ wa lọ́wọ́ láti inú fóònù. Èmi ru apẹ̀rẹ̀ àgbàdo, ó di ọ́fíìsì òṣìṣẹ́ yẹn. Mo tò ó sórí gbogbo ìwé rẹ̀, mo ní kó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lórí rédíò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irú igun bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri, àròpọ̀ wọn ni àwọn ń wò, pé òjò kò rọ̀ fún àwọn ará apá òkè orílẹ̀-èdè yìí, àwọn ọmọ tiwọn náà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ojú tì mí, nítorí mi ò tilẹ̀ ronú kan ọmọ ẹlòmíràn. Ó wá ní ìjọba tún ń ra àgbàdo àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa láti gbé lọ fún wọn, bóyá a fẹ́ tà. Ẹ̀rín gba ẹnu mi. Lọ́rì wọn dé, wọ́n sì rà á ní iye tó dùn mọ́ wa nínú.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ fún oògùn orúnkún. Má gba báǹkì o, mo gbọ́ pé wọ́n ń da owó gbogbo ènìyàn pọ̀ síbẹ̀, báwo ni wọn yóò ṣe mọ tiwa? Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ.

Ó tó báyìí, gbé àpò kúrò lórí ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, kí o sì fún un lómi. Èmi ni mo ní kó má sọ nǹkan kan títí o ó fi kà á tán. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣí lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ