Àgùntàn Wa Kan Wà ní Leeds

Gillside,
Ọjọ́ Ajé, òjò ń rọ̀.

Marian ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé lórí àtẹ̀gùn gíga yẹn. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí kùrukùru òkè gbé mi mì láti kékeré kò ní jẹ́ kí èrò Leeds gbé ọ mì. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, ara ń ṣe bí ara àgbà, ìbàdí mi ọ̀tún máa ń dùn mí bí òjò bá ti ń bọ̀, òjò sì ń bọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà má wulẹ̀ bi mí mọ́. Fly ajá wa wà láyé. Ó ti di adití, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn ń ṣe bí adití látìgbà tí kò ti sí àgùntàn tí yóò máa dà mọ́, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Sàréè màmá rẹ dára, mo gé koríko orí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì sọ fún un pé o kí i, bí o kò tilẹ̀ rán mi.

Dinah Birkett aládùúgbò wa ní kí n yé kọ lẹ́tà, ó ní kí n máa pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti sọ fún un pé fóònù kò dára fún ọ̀rọ̀ bàbá sí ọmọ, nítorí bí mo bá sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ náà ti lọ nìyẹn, kò sí ibi tí o ti lè yọ ọ́ tún kà. Àti pé nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọmọbìnrin kan já lu ọ̀rọ̀ wa, ó ní owó orí fóònù náà ti ń tán lọ. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n fóònù Dinah wúlò fún ohun kan, òun náà ni àwòrán tí o ń fi ránṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó sí ìdáná mi, á bu tíì fún ara rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé rẹ̀, á sì máa fi ìka yí wọn hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí gbogbo àárín ìlú Leeds láì kúrò lórí àga. Mo rí ọkùnrin orí ẹṣin tó wà ní gbàgede. Ẹṣin náà dára, àmọ́ nínú gbogbo àwòrán tí o yà, láti ìgbà ooru títí di ìsinsìnyí, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan kò kanlẹ̀, ó sì yẹ kí ẹnì kan wo pátákò rẹ̀ bóyá òkúta ló há sí i. Dinah ní idẹ ni. Mo ní idẹ kẹ̀, ẹni tó fi idẹ mọ ọ́n ti rí ẹṣin tó ń tiro kó tó mọ ọ́n, kò sì ṣe nǹkan kan sí i.

Mo rí àwọn ọmọbìnrin idẹ tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n gbé àtùpà dání láìsí aṣọ lọ́rùn wọn. Mo gbé ojú kúrò, Dinah kò gbé tirẹ̀ kúrò. Marian, òtútù ìlú yẹn kì í ṣe kékeré, káńsù tó lè ra iná fún wọn, ṣé kò lè ra ẹ̀wù ni? Kóòtù aláwọ̀ eérú màmá rẹ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹnì kan nínú wọn bá lè wọ̀ ọ́. Ní ti àwọn kìnnìún òkúta iwájú gbọ̀ngàn ìlú, o kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé wọ́n ní bí aago bá lu mẹ́tàlá, wọ́n á dìde, wọ́n á sì rìn yí ilé náà ká. Mi ò ní kí o má ya àwòrán wọn, iṣẹ́ ni iṣẹ́, ṣùgbọ́n má kọ ẹ̀yìn sí wọn, nítorí aago ará ìlú kò ṣeé gbọ́kàn lé. Àwọn òwìwí wúrà orí òpó yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Wúrà, níta gbangba, nínú òjò, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, nígbà tó jẹ́ pé garawa lásán ni mo gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà níbí, tí mi ò rí i mọ́ di òní. Òwìwí inú àká wa ń pa eku, ó ń ṣiṣẹ́ jẹun, mi ò mọ iṣẹ́ tí ti Leeds ń ṣe.

Àwọn èèyàn ní ọjà ẹran máa ń bi mí pé iṣẹ́ kí ni Marian ń ṣe gan-an. Mo ní iṣẹ́ tiwa náà ni. Bí a ṣe máa ń gun òkè lọ kó ẹran wálé, tí a kì í fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn àpáta, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ń kó ìlú náà jọ, ère rẹ̀, ilé rẹ̀, aago rẹ̀, àwòrán gìrìwò tí wọ́n kùn sára ògiri létí odò, o ń wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n ní ta ló ń sanwó fún un. Mo ní ìjọba ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀wọ́ má tú mi fó.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. O kò sí nínú ọ̀kankan. Mo ní kí Dinah tún wọn yí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ẹṣin, mo wo abẹ́ kìnnìún, mo wo inú gíláàsì àwọn ṣọ́ọ̀bù, mi ò rí ọ. Dinah ní ẹni tó ń ya àwòrán kì í sí nínú àwòrán. Mo ní ẹni tó ń da ẹran ńkọ́, ṣebí a máa ń rí i lẹ́yìn ẹran rẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé kálámù gan-an nìyí. O mọ̀ pé mo ta agbo wa tán lọ́dún tó kọjá nítorí ìbàdí yìí. O sì mọ òfin ìpàdé àwa olùṣọ́-àgùntàn ní oṣù kọkànlá, pé àmì ọ̀dà tí ìdílé kan fi ń dá ẹran rẹ̀ mọ̀, bí kò bá ti sí ẹran lábẹ́ rẹ̀ mọ́, wọ́n á gbà á fún ẹni tó ń wá àmì. Joss Relph, ọmọ ilé òkè, ń bẹ̀rẹ̀ agbo tirẹ̀. Ó wá bá mi pẹ̀lú kéèkì alátalẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó ní Bàbá Marian, ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ ni ín, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá ní lò ó mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba àmì yín. Ọmọ dáadáa ni, mi ò rí ohun tí màá bínú sí. Ìlà pupa kan ní èjìká òsì, ẹ̀kán ọ̀dà búlúù kan lókè ìrù, àmì bàbá bàbá mi, ohun tí mo kọ́ ọ láti kùn kí o tó mọ ìwé kà. Mo ní màá fún un lésì ní ìpàdé, ṣùgbọ́n lọ́kàn mi, mo ti fún un. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè, mo tún rò ó pé kí ni èèyàn fẹ́ fi ọ̀dà àgùntàn ṣe ní ìlú tí wúrà ti ń jókòó sórí òpó. Ó dùn mí, Marian, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó dùn mí ju ọjọ́ tí mo ta ẹran lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Dinah fi yí àwòrán kan wá lánàá. Àgùntàn kan dúró níwájú ilé ìkàwé, ìlà pupa ní èjìká òsì, búlúù lókè ìrù.

Mo dìde, mo gbàgbé pé mo ní ìbàdí. Mo ní Dinah, ẹran mi nìyẹn. Ìwọ náà mọ àgùntàn wa, òkè tí ìyá rẹ̀ bá fi hàn án ní kékeré, kì í fi í sílẹ̀, tà á sí ìlú mìíràn, á wá ọ̀nà padà. Mo rò ó pọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan ti já mọ́ ẹni tí mo tà wọ́n fún lọ́wọ́, ó padà wálé, ó bá pápá lófìfo, kò rí ẹgbẹ́ kò rí ọ̀gbà, ló bá wá ọ lọ. Ìwọ lo fi ìgò fún àwọn tí ìyá wọn kú lọ́mú ní ọdún yìnyín ńlá yẹn, ta ni kó tún wá lọ bí kì í bá ṣe ìwọ? Mo sì gbà pé ìdí tí o fi ya àwòrán rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rí ẹran tó ṣìnà gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ni àmì, ẹni tó ni àmì gbọ́dọ̀ lọ mú un. O ti ṣe tìrẹ, ó ku tèmi. Dinah ní kí n jókòó, kí òun kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Mo ní àwọn alápatà Leeds kò ní jókòó.

Mo bá Joss nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀dùnkún àti ẹran àgùntàn inú ìkòkò. Ó fi í sílẹ̀ gbígbóná. Ó so ọkọ̀ tí a fi ń kó ẹran mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó kó koríko gbígbẹ sí i, ó gbé Fly wọlé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan, nítorí bí ẹran bá sọnù láàárín wa, a kì í béèrè. A kàn yà nílé mi kó lè wo ibi tí ilé ìkàwé náà wà lórí fóònù Dinah. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, ó wá ní Bàbá Marian, ẹran wo ló ń dúró lójú kan báyìí tí kò sí ìgbẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀? Mo ní bóyá wọ́n ti gbá a. Ó ní wọ́n sì tún kun òdòdó sí i níkùn, ẹ wò ó. Mo lọ mú gíláàsì ojú mi wá. Ère ni. Dinah ní òun ti rí irú rẹ̀ mìíràn nínú àwọn àwòrán rẹ, tí wọ́n kun ìràwọ̀ sí ọ̀kan, tí wọ́n kun bọ́ọ̀sì sí ọ̀kan, pé káńsù ló gbé wọn káàkiri fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, àti pé ohun tí òun fẹ́ sọ fún mi nìyẹn nígbà tí òun ní kí n jókòó.

Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Àmì kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá fi àmì ẹlòmíràn sára ẹran, olè ni lọ́dọ̀ wa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á fi hàn án ní ìpàdé. Mo ní kí Joss wá orúkọ onítọ̀hún fún mi, kí n kọ̀wé sí i, bó bá tilẹ̀ jẹ́ olórí ìlú. Joss tún fẹ àwòrán náà sí i. Pátákó kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ àgùntàn náà. Dinah ló kà á sókè. Ó ní Marian Tyson ló kùn ún, ọmọ Gillside.

Marian. O fi àwòrán yẹn sáàárín kìnnìún àti aago, o kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, ìwọ tó máa ń kọ̀wé sábẹ́ gbogbo nǹkan. Ṣé o ń wò ó bóyá màá dá a mọ̀ ni? Mo dá àmì mọ̀ kí n tó dá a mọ̀ pé kì í ṣe ẹran. Mo rò pé o ti gbàgbé, mo sì ti ń kọ́ ara mi láti má bínú sí i. Mo sunkún níwájú Joss, mi ò bìkítà. Dinah fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú tirẹ̀, ó ní atalẹ̀ inú kéèkì ló ta sí òun lójú.

Joss jáde lọ tú ọkọ̀ ẹran. Nígbà tó padà wọlé, ó ní òun kò lè gba àmì yẹn mọ́. Mo ní àgbàlagbà kì í yẹ àdéhùn. Ó ní àdéhùn kọ́, òfin ni, pé àmì tí ẹran bá wà lábẹ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, òun á wá òmíràn, ọ̀dà ò tíì tán láyé. Ó jẹ ìyókù kéèkì náà, ó lọ sídìí oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà, ní ìpàdé, bí alága bá pe àmì wa tó sì béèrè iye ẹran, màá dìde, màá ní ẹyọ kan, ó wà ní Leeds níwájú ilé ìkàwé, ara rẹ̀ le, kì í sì í jẹ koríko ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo wá fẹ́ bẹ̀ ọ́. Lọ dúró ti ẹran náà, ní apá òsì rẹ̀ kí àmì lè hàn, kí o gbé kámẹ́rà fún ẹnì kan tí ojú rẹ̀ jọ ti olóòótọ́, kó yà yín pọ̀. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, nítorí bí Dinah bá ti lọ sílé, àwòrán rẹ bá a lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó náà tún wà. Dinah ní bàbá tí kì í béèrè owó, ọmọ á rò pé ó ti kú. Owó ìfẹ̀yìntì mi tó mi jẹ, àmọ́ owó àmì wà tí a ń san ní ìpàdé lọ́dọọdún, kò ju owó tíì àti búrẹ́dì lọ, èmi ni mo sì ń san án látìgbà tí bàbá mi ti kú. Lọ́dún yìí, fi í ránṣẹ́ láti ọwọ́ rẹ. Má gba báńkì, báńkì ìlú ọjà wa ti kógbá wọlé, ihò ara ògiri ni wọ́n fi sílẹ̀ dípò. Mo kí ihò náà, mo sọ orúkọ mi fún un, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo ní bó bá jẹ́ àṣírí kí ló dé tí o fi ń béèrè, ó sì gbé káàdì mi mì. Inú àpò ìwé ni kí o fi owó náà sí. Orúkọ ẹni tó bá san án ni wọ́n máa ń pè mọ́ àmì, mo sì fẹ́ kí wọ́n pe tìrẹ.

Ọlọ́run á bá mi ṣọ́ ọ. Ọwọ́ tí o fi kun ẹran yẹn kò ní gbọ̀n. Wàá rí ẹni rere bá rìn, wàá sì rí oúnjẹ gbígbóná jẹ. Bí ọ̀nà bá ṣì mọ́ ọ lọ́wọ́ ní ìlú yẹn, kí ẹni tó bá rí ọ rí àmì lára rẹ, kó sì ránṣẹ́ sílé. Màá wá mú ọ, ìbàdí dùn mí, kò dùn mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Wilf Tyson.