Bí A Ṣe Gba Ẹ̀dínwó Ọgbà Ìgbafẹ́ fún Gbogbo Onílé

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ilé, báwo ni iṣẹ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ọmọ kékeré yẹn ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti hù? Ibi tí o bá gbé ẹsẹ̀ lé, ayọ̀ ni o máa bá níbẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Adìẹ mi tó sọnù ti padà dé pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà, n kò sì bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ọmọ mi, mo ṣẹ́gun. Jókòó kí n rò ó fún ọ. O rántí ilé ìsinmi àjọní tí o bá wa ra ìpín nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dún ni yàrá náà jẹ́ tiwa, tí àwọn onílé yòókù náà sì ní ọ̀sẹ̀ tiwọn. Ọdún keje tí à ń lọ rèé, a ò sì rí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Mo ní irú ẹbí wo nìyí, kí á jọ ni ilé kí á má mọ ara wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ìwé àkọsílẹ̀ kan sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún àkọ́kọ́, mo kí gbogbo wọn, mo sì kìlọ̀ pé kí wọ́n rọra máa ti fèrèsé ilé ìwẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ. Wọ́n sì ń dá mi lóhùn. Dókítà tó máa ń gba yàrá lẹ́yìn wa ti bí ìbejì, tíṣà kan sì fi gègé pupa tún ọ̀rọ̀ mi kọ, ó fún mi ní máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

O mọ̀ pé ogójì ọdún ni bàbá yín fi kan páànù sórí ilé onílé. Láti ọdún mẹ́ta tí orúnkún wọn ti kọṣẹ́ sílẹ̀, orí àga ni ibi tó ga jù tí wọ́n ń gùn. Láti fèrèsé yàrá yẹn, èèyàn ń rí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yípo lókè nínú ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní òdìkejì títì. Ọdọọdún ni bàbá yín ń dúró wò ó, ọdọọdún sì ni owó ẹnu ọ̀nà ń dá wa padà. Ó dùn mí gan-an. Mo wá bi ẹbí léèrè nínú ìwé lọ́dún tó kọjá pé, èmi aránṣọ, ṣé mo lè gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàárà ọdún méje àti ẹni tó ń kọjá lọ? Nígbà tí mo ṣí ìwé lọ́dún yìí, onílé méjìdínlógójì ló ti fọwọ́ sí i pé kí ọgbà dín owó kù fún wa. Tíṣà fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Mo gbé ìwé mi, ó di ọgbà. Ẹ̀rọ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, mo kí i, mo fi káàdì yàrá wa hàn án, ó bú sẹ́kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní kò mọ̀ mí. Mo ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀rọ yìí kò sì lójú, kí wọ́n mú mi lọ bá ẹni tó lójú. Ọ̀gá wọn, Onítáì, ní bí òun bá dín owó kù fún mi, gbogbo àwọn yòókù á wá. Mo ní ọ̀gá, ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn, wọ́n fẹ́ wá. Ó ń ṣí i lójú ewé lójú ewé, ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn èèyàn rẹ̀ wá wò ó. Nígbẹ̀yìn ó ní láti ọjọ́ náà lọ, onílé tó bá ti pé ọdún márùn-ún, ìdajì owó ni yóò máa san. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí a ṣe gun kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Èmi dijú, mo ń gbàdúrà. Nígbà tó dúró lókè téńté, bàbá yín gbá mi lọ́wọ́ mú, wọ́n ní páànù kan ti ṣí lẹ́yìn ilé ìsinmi wa, ìṣó mẹ́ta ti yọ, òjò á sì wọlé bá dókítà àti ìbejì rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí n kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn. Mo sunkún lókè níbẹ̀.

Nítorí náà, fi owó ìṣó ránṣẹ́, àti ti ẹni tí yóò gòkè, bàbá yín á máa pàṣẹ fún un látìsàlẹ̀. Fi owó kẹ̀kẹ́ ẹ̀ẹ̀kan sí i kún un, ìdajì náà ni, wọ́n ní àwọn ò tíì yẹ òrùlé apá òsì wò.

Bí o ṣe gbé bàbá rẹ gòkè, ìwọ náà kò ní mọ ìsàlẹ̀.

Èmi ni, ìyá rẹ, aránṣọ.