Àlejò Tó Jókòó Lé Orúkọ Àwọn Ọmọ

Kemta, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1988.

Herbert, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbàgbọ́ pé ara ń le, pé orúnkún rẹ sì ti ń jẹ́ kí o rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ara tèmi náà le, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Sàfúrátù, ọmọ aládìrẹ tí èmi àti ìwọ jọ kọ́, ni mo fẹ́ sọ. Ó ti di akọ̀wé ní ọ́fíìsì tó ń pín àwọn ọmọ sí ilé-ìwé girama. Wọ́n sì pè mí síbẹ̀ láti yẹ àkọtọ́ orúkọ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi tẹ orúkọ ẹgbẹ̀rún ọmọ sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan. Wọ́n ti dá ìwé tó wò tẹ̀ ẹ́ padà fún àwọn ilé-ìwé, kò sì sí ẹ̀dà mìíràn. Aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la fẹ́ lẹ orúkọ náà mọ́ ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ kó má dárúkọ Lọ́ńdọ̀nù, fa wáyà láti ara kọ̀ǹpútà ńlá, kí kékeré lè máa rí fáìlì tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò. Ó ku àpò, ìyẹn àyè tí à ń kó fáìlì sí nínú kọ̀ǹpútà kékeré, tí fáìlì àjùmọ̀lò náà yóò wọ̀ sí. Sàfúrátù ti ṣí àpò òfìfo kan sílẹ̀. Ọ̀gá yarí: "Yàrá òfìfo kẹ̀? Ṣé bí ẹ ṣe ń gba àlejò pàtàkì ní Kemta nìyẹn?" Ló bá gbé e wọ àpò tí orúkọ àwọn ọmọ wà.

Orúkọ pòórá. Ẹyọ kan kò kù.

Herbert, àwọn òbí ti kún ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ lo bà á jẹ́!" ni ọ̀gá wí. Ó ní kí Sàfúrátù máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, òun yóò pa gbogbo inú kọ̀ǹpútà kékeré náà rẹ́. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún pariwo mọ́ ọmọ, ẹ̀yìn àga ni mo sá sí.

Sàfúrátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ jáde ná. Ó dà bíi pé ó jókòó lé onílé lórí ni."

Ọlálẹ́yẹ wò mí. Mo mi orí bí ọ̀mọ̀wé. Ọlọ́run mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan. Ọ̀gá yọ ọwọ́. Ọmọ náà tẹ ọ̀rọ̀ kan péré tó tú fáìlì àjùmọ̀lò sílẹ̀. Orúkọ yọ, láti orí Abíọ́nà títí dé Yùsúfù. Abẹ́ àlejò náà ni wọ́n wà látàárọ̀!

Ọ̀gá wúkọ́. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń dán an wò ni." Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kó má jẹ́ kí ìkánjú ẹni ńlá pa iṣẹ́ àwọn ọmọ wa rẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe,
Ládépọ̀ Àjàlá.

Àfikún: Àṣẹ dé lánàá pé kí a kọ ìwé ìyìn fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, pé ó gba orúkọ ẹgbẹ̀rún ọmọ là. Sàfúrátù ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́. Mo bá a yẹ̀ ẹ́ wò; àkọtọ́ rẹ̀ pé.