Àga Ìyá Rẹ ní Pápá Bọ́ọ̀lù

Ìyá Ìbejì, ọmọ mi, ara mi le. Ayálégbé yàrá kejì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

O béèrè bóyá mo ṣì ń lọ wo bọ́ọ̀lù bí ìgbà tí ìyá rẹ wà láyé. Mo ń lọ. Ìgbálẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì mi. Àga wa méjèèjì ti wọ́n ju owó oṣù mi lọ. Ọlọ́rọ̀ tó ra ti ìyá rẹ kì í wá; owó rẹ̀ ló ń jókòó síbẹ̀. Lánàá, mo bẹ ọ̀gá àwa agbálẹ̀ pápá pé kó jẹ́ kí n fìdí lé e díẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

Mo nu àga tí ìdí kankan ò kàn, mo bọ́ síta.

Bá mi kí àwọn ìbejì. Sọ fún wọn pé kò sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí mi ò sí níbẹ̀.